Dígí Tí Mo Gbé Sójú Fèrèsé ní Bẹyẹrúnkà

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kọ́kọ́ sọ mí di àlejò ní Ìbàdàn. Mo dúró níwájú ìsọ̀ kan ní Ọjà'ba, mo ní kí wọ́n ta okùn tí wọ́n fi ń gba iná sí pọtábù fún mi. Ọkùnrin tó ni ìsọ̀ náà wò mí títí.

"Kí ló ń jẹ́ pọtábù?"

Mo gbé fóònù mi sókè. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó pe ẹni tó wà ní ìsọ̀ kejì pé kó wá gbọ́ nǹkan. Ó ní kí n tún un pè, mo sì tún un pè, torí ẹ̀rù ń bà mí láti sọ pé mi ò ní í pè é.

"Ará ibo ni ìwọ?"

"Kétu ni mo ti wá, ẹ jọ̀ọ́."

"Kétu Èkó? Ṣé wọ́n ti ń pe fóònù ní pọtábù l'Ékòó báyìí ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Kétu Èkó ni. Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo pa ní ìlú náà nìyẹn. Ó rọ̀ mí lẹ́nu débi pé odidi oṣù mẹ́rin ni mo fi ń pa á lọ.

Kétu tèmi wà lódì kejì ẹnubodè, ní ilẹ̀ tí àwọn ará Ìbàdàn kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ tí wọ́n ń pè ní Kútọnu. Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa níwèé, ṣùgbọ́n Yorùbá ni ìyá mi fi rẹ̀ mí lẹ́kún. Kí n tó kúrò nílé, ohun tí mo rò ni pé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn mi ni mò ń lọ. Ta ló ń bẹ̀rù ìlú tí wọ́n ti ń sọ èdè ìyá rẹ̀? Ìgbà tí mo débẹ̀ ni mo rí i pé èdè tó jọ tẹni lè lé ni jìnnà ju èdè tí a ò gbọ́ rárá lọ. Ká ní ìlú òyìnbó ni mo lọ, wọn ì bá mọ̀ pé mi ò gbọ́ èdè wọn. Ní Ìbàdàn, wọ́n rò pé mo gbọ́, pé mo kàn ya òmùgọ̀ ni. Àwọn àgbàlagbà ibẹ̀ ń sọ "isu" dípò "iṣu", ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Èmi bá sọ tèmi, ọjà á dúró.

Iṣẹ́ dígí ni bàbá mi ń ṣe nílé. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ, nítorí kò sí ọmọkùnrin rẹ̀ tó fẹ́ ẹ. Ó máa ń sọ pé dígí ò mọ ọkùnrin, kò mọ obìnrin. Ẹni tó bá ṣì í dì mú ló ń gé. Nígbà tó yá, àwọn tó ń kó fèrèsé tí wọ́n ti ṣe parí wá tà gba oníbàárà wa tán. Ẹnìkan tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi ló júwe mi fún ọ̀gá kan ní Ìbàdàn, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ń wá ẹni tó lè gé dígí ẹlẹgẹ́, kó sì dè é mọ́ fèrèsé ilé àtijọ́. Obìnrin ló tún ń wá, torí pé iyàrá àwọn obìnrin ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn fèrèsé náà wà, nínú agbo ilé àwọn Mùsùlùmí. Bàbá mi ò fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, ó ń gé dígí lọ́wọ́, kò gbójú sókè.

Dígí ọ̀gá yàtọ̀ sí tiwa. Lójú lásán, dígí fèrèsé ni, ó mọ́ gaara, èèyàn ń rí ìta láti inú rẹ̀. Àfi tí oòrùn bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lèèyàn tó máa rí àwọn okùn irin tó tín ju irun orí lọ, tí wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀ ní igun mẹ́rin-mẹ́rin. Wáyà méjì jáde láti ìdí rẹ̀ lọ sínú bátìrì kékeré kan tó ń gba iná lára oòrùn.

"Ìgbì ló ń gbé ìpè kiri," ọ̀gá ló ń ṣàlàyé fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "Ó ń ti orí òpó tó wà lókè lọ́hùn-ún bọ̀ tààrà. Tó bá ti kan ògiri amọ̀ àti òrùlé páànù, ó kú síbẹ̀ nìyẹn. Ilé tó bá wà ní kòtò, tí ilé gíga dí níwá lẹ́yìn, kì í rí nǹkan kan gbà. Dígí yìí á gba ìgbì náà, á sì darí rẹ̀ síbi tí a bá fẹ́. Tó bá jẹ́ àgbàlá la fẹ́, a ó fi kọ̀ǹpútà sọ fún un. Tó bá jẹ́ iyàrá kan, a ó tún sọ fún un."

Mo ní, "Ṣé kò lè pa èèyàn lára, sà?"

"Kò ní agbára kankan tirẹ̀. Ohun tó ti wà nínú afẹ́fẹ́ tẹ́lẹ̀ ló ń yí lójú padà."

"Ṣé ẹ ti dán an wò níbi tí ọmọ ọwọ́ ń sùn sí rí?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọjá sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí kò dáhùn ìbéèrè yẹn bá mi délé.

Àrẹ̀mọ ni mo ń gbé, lọ́dọ̀ opó kan tó ń ta òwú ìránṣọ ní Ọjà'ba. Ìyá Olówùú ni gbogbo èèyàn ń pè é. Òun ló kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀ láìrẹ́rìn-ín. Tí mo bá pe nǹkan bí a ṣe ń pè é nílé, á pe tiwọn jẹ́jẹ́, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Òun nìkan ni mo sọ òtítọ́ fún nípa Kétu.

"Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ fáwọn yòókù?" ó bi mí.

"Mo gbọ́ nínú mọ́tò pé ará Kútọnu, oògùn ni iṣẹ́ wọn."

Ó ká òwú mọ́ ìka. "Wọ́n ń sọ ọ́ lóòótọ́," ó ní. Kò tù mí nínú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dé iyàrá tí mo gbà lọ́dọ̀ rẹ̀. Tí mo bá fẹ́ pe ilé, mo ní láti gun òkè Màpó, kí n jókòó sórí àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn ńlá yẹn, kí gbogbo òrùlé tó ti dípẹtà tẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ mi. Bí mo bá ṣe ń gùn ún ni fóònù á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lára mi: àwọn ìpè tó ti wá tí wọn ò bá mi. Ẹ̀rù wọn ló ń bà mí jù. Bàbá mi ti dàgbà, ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n kí n tó kúrò nílé. Tí mo bá rí nọ́ńbà ìyá mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra wọn, mo gbọ́dọ̀ jókòó kí n tó lè pè é padà.

"Ìyá, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan. Mo ní kí n bi ọ́ bóyá o ti jẹun ni."

"Mo ti jẹun." Mi ò tíì jẹun.

"Ṣé wọ́n ń ṣe dáadáa sí ọ níbẹ̀?"

"Wọ́n ń ṣe dáadáa, Ìyá. Èèyàn wa náà kúkú ni wọ́n. Bàbá ńkọ́?"

"Ó wà ní ìsọ̀." Lọ́jọ́ mìíràn á ní ó ń sùn. Lọ́jọ́ mìíràn á ní, "Ó ní kí n kí ọ," èmi sì mọ̀ pé kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ìtìjú ni mo fi ń sọ èyí: tí mo bá ń sọ̀kalẹ̀ padà sí Àrẹ̀mọ, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, ara mi á balẹ̀. Ìròyìn kankan ò lè rí mi nínú kòtò yẹn. Bí bàbá mi bá tilẹ̀ kú, kò tíì kú ní Àrẹ̀mọ. Iṣẹ́ tí mo sì ń jí ṣe láràárọ̀ ni pé kí n mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé inú kòtò.

Agbo ilé kan ní Bẹyẹrúnkà ni ìkẹta tí a ṣe. Èmi àti Mùtíù la jọ lọ. Mùtíù jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀gá, ọmọ Oníyanrìn ni, òun ló ń tẹ kọ̀ǹpútà tó ń bá dígí sọ̀rọ̀. Mọ́gàjí, olórí agbo ilé náà, ti dárúgbó. Ó gbà pé ká wá dán an wò torí pé ó ti sú u láti máa fi ọ̀pá tilẹ̀ gun òkè nítorí ìpè. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan wà níwájú ilé, fèrèsé iyàrá òkè rẹ̀ nìkan ló kọjú sí òpó. Rìsíkátù, ìyàwó ilé, ló ń gbé inú iyàrá náà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, Fàwásì, tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kò gbójú kúrò lọ́wọ́ mi fún gbogbo àkókò tí mo fi gbẹ́ igi, tí mo ki dígí bọ ilẹ̀kùn fèrèsé, tí mo sì fi rọ́bà yí i ká. Òkè orí bẹ́ẹ̀dì gan-an ni fèrèsé náà wà.

Mo ṣí fèrèsé sílẹ̀ dé ìwọ̀n tí Mùtíù ní kí n ṣí i dé, mo fi ìkọ́ há a. Ó tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ nísàlẹ̀. A dúró. Láìpẹ́, nǹkan dún ní iyàrá ẹ̀yìn, ohùn Mọ́gàjí sì jáde, bí ẹni tí olè ká mọ́ ilé:

"Ta ló ń pè mí nínú ilé mi?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin sáré lọ kó fóònù wọn jáde. Rìsíkátù pe ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń fún ọmọ lọ́yàn lọ́wọ́, kò sì dìde. "Ẹ ṣé o, àǹtí onídígí," ó wí fún mi. Mo kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ló ń bá sọ̀rọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn mo rìn láti Bẹyẹrúnkà dé Bẹẹrẹ láìsí pé mo ń ka ìṣísẹ̀ mi, mo ra ẹ̀pà jẹ, mo sì fi ẹnu ara mi bá ẹlẹ́pà ná an.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà la padà lọ nu eruku ojú dígí. Òwúrọ̀ ni. Mo kí wọn lẹ́nu ọ̀nà, "Ẹ káàárọ̀ o," kò sí ẹni tó dáhùn. Obìnrin kan dìde lórí àpótí.

"Òun nìyí! Onídígí nìyí!"

Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ti yí mi ká. Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ ní ẹyọ-ẹyọ: gìrì ti gbé Fàwásì ní ìdájí, ojú rẹ̀ yí padà, erìgì rẹ̀ tí kò tíì hu eyín pa dé bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn, ìyá rẹ̀ ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Ẹnìkan wá rántí dígí tó wà lókè orí ọmọ náà. Mo wẹ̀yìn wo Mùtíù. Kò sí níbẹ̀ mọ́, òun àti àpò kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Wọ́n gba àpò mi, wọ́n tú u. Gende kan mú káàdì ìdánimọ̀ mi, ó gbé e sókè.

"Faransé nìyí! Ará Kútọnu ni!"

"Ó ní Kétu Èkó lòun ti wá," obìnrin àkọ́kọ́ ní. "Létí mi báyìí ló ṣe sọ ọ́. Ẹni tó parọ́ ilé bàbá rẹ̀, kí ni kò ní í ṣe?"

Ọ̀rọ̀ Ìbàdàn tí mo ti kọ́ fún oṣù mẹ́rin fò lọ lẹ́nu mi. Tèmi tó kù nínú mi, mi ò gbọdọ̀ sọ ọ́. Ẹnìkan di aṣọ mi mú lẹ́yìn. Mo rí igi lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo gbọ́ ohùn kan tó ń bẹ̀bẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ohùn mi ni.

Mọ́gàjí jáde síta. Ó rọra tọ̀ wá wá, gbogbo wọn sì yẹ̀ fún un.

"Ẹ fi í sílẹ̀." Ó kọjú sí mi. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé dígí rẹ ló ṣe ọmọ wa?"

Ó yẹ kí n sọ pé rárá. Ohun tí ọ̀gá ìbá sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n irọ́ kan ṣoṣo ló ti mú mi dé àárín wọn, ẹ̀rù bà mí láti pa òmíràn.

"Mi ò rò bẹ́ẹ̀, bàbá. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ní kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ò mọ̀ dájú."

Ariwo sọ. Ó gbọ́wọ́ sókè.

"Ọ̀gá rẹ dà?"

"Ó ti rìnrìn-àjò, bàbá. Fóònù rẹ̀ ò lọ láti àná."

Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí fèrèsé òkè. "Ó dáa. Lọ jókòó sábẹ́ dígí rẹ, níbi tí ọmọ náà máa ń sùn sí gan-an. Ibẹ̀ lo máa wà títí a ó fi gbọ́ ìròyìn rẹ̀. Tó bá dáa, o lọ sílé rẹ. Tí kò bá dáa..." Kò parí rẹ̀, ó sì padà wọlé.

Bí mo ṣe jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn. Aṣọ ìpọnmọ ṣì wà níbẹ̀, ó ń rùn òrí àti pọ́dà. Ìyá Àgbà gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó, ó kó fóònù tèmi àti tirẹ̀ sórí itan. Lókè orí mi, dígí náà mọ́ gaara, mo ń rí òkè àti òpó láti inú rẹ̀ bíi pé kò sí nǹkan kan láàárín wa. Nígbà tó ṣe díẹ̀, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Ara mi gbóná. Mo ń bi ara mi pé ṣé ẹ̀rù ni, àbí ohun tó ṣe ọmọ náà nìyí? Mo fọwọ́ ara mi gbé dígí náà síbí. Mo rí ọmọ tó ń sùn lábẹ́ rẹ̀, mo sì béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n rẹ́rìn-ín, mo gbà. Ká sọ pé ọmọ Kétu ló fẹ́ sùn síbẹ̀, ọmọ àbúrò mi, ṣé ẹ̀ẹ̀kan ni mi ì bá béèrè?

Mo gbọ́ ohùn Ìyá Olówùú nísàlẹ̀. Ìròyìn ti dé Ọjà'ba.

"Ayálégbé mi lẹ tì mọ́lé," ó ń sọ fún wọn. "Mi ò bá yín jà o. Mo kàn fẹ́ jókòó síbí ni." Wọ́n ní kó máa lọ. Kò lọ. Láti ojú fèrèsé mo ń rí gèlè rẹ̀ lórí pèpéle.

Oòrùn ti wà lágbede méjì nígbà tí fóònù mi dún. Ìyá Àgbà nà án sí mi láti ọ̀ọ́kán kí n lè ka ohun tó wà lójú rẹ̀. Bàbá mi ni. Láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé, kò pè mí rí. Ìyá mi ti kú, mo sọ nínú ara mi. Òun ló fi ń pè.

"Bàbá mi ni, mà."

"Sọ̀rọ̀ kí n gbọ́."

Mo tẹ ibi tí ohùn á fi jáde síta. Òun ló di fóònù náà mú.

"Ìwọ ni?" bàbá mi ní.

"Èmi ni, Bàbá. Ìyá ńkọ́?"

"Ó wà lẹ́yìnkùlé, ó ń lọ ata. Kí ló dé tó o fi ń mí báyẹn?"

"Mo gun àtẹ̀gùn ni."

Mo gbọ́ ìró ọjà Kétu lẹ́yìn rẹ̀. "Àwọn fèrèsé tí ò ń ṣe níbẹ̀," ó ní, "ṣé igi ni àbí irin?"

"Igi ni, Bàbá. Igi àtijọ́."

"Ṣé ò ń fàyè sílẹ̀? Igi àtijọ́ ń wú tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Tí o ò bá fàyè sílẹ̀, á fọ́ dígí mọ́ ọ lójú."

"Mò ń fàyè sílẹ̀ bí ẹ ṣe kọ́ mi."

"Rọ́bà ńkọ́?"

"Mò ń fi rọ́bà yí i ká."

"Ó dáa," ó ní. "Mo kàn ní kí n béèrè ni." Ó pa á.

Mo da aṣọ bojú. Ìyá Àgbà gbé fóònù padà sórí itan.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún un pé a tì ọ́ mọ́lé?"

"Ẹ̀rù á bà á, mà."

Ó wo aṣọ ìpọnmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Èmi náà ò tíì sọ fún bàbá Fàwásì," ó ní. "Ó wa tírélà lọ sókè Ọya. Mi ò fẹ́ kó fi ìbẹ̀rù wakọ̀."

Ọ̀sán ń rọ̀ lọ nígbà tí òjò ṣú. Afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbá páànù kiri. Àkókò yẹn gan-an ni fóònù Ìyá Àgbà dún. Rìsíkátù ni. Ìyá Àgbà gbé e sétí, ṣùgbọ́n ohùn ìyàwó rẹ̀ ròkè tó bẹ́ẹ̀ tí èmi náà gbọ́ ọ. Ó ń sunkún.

"Màmá! Màmá, ọmọ náà ti..."

Afẹ́fẹ́ fa ìkọ́ fèrèsé já, ó gbá a dé gbàmù. Ìpè náà já.

"Ti kí ni?" Ìyá Àgbà dìde. "Rìsíkátù! Ti kí ni?" Ó ń gbọn fóònù bí ẹni tó ń gbọn igbá. "Ó ti kí ni?"

Wọ́n gbọ́ ọ nísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ dún lórí àtẹ̀gùn. Gende tó mú káàdì mi àti àwọn mìíràn dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Kí ló ní?" Ìyá Àgbà ní, "Ó ní ọmọ náà ti. Ó ń sunkún. Ó já." Obìnrin kan lẹ́yìn wọn káwọ́ lérí, ó ké. Gende náà wò mí, ojú rẹ̀ sì ti yàtọ̀ sí ti òwúrọ̀.

Wọ́n tún un pè, kò lọ. Mo mọ ìdí rẹ̀, èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n nínú ilé náà. Fèrèsé ti tì, dígí ò kọjú síbi tó yẹ mọ́. Bí fèrèsé bá wà ní títì bẹ́ẹ̀, ọmọ náà ò tíì kú nínú iyàrá yìí, èmi náà ò sì tíì kú. Òjò ń rọ̀, ilé ìwòsàn jìnnà. Bóyá kí n dákẹ́. Bóyá kí òjò máa rọ̀ títí Ìyá Olówùú á fi rí nǹkan ṣe. Mo wo Ìyá Àgbà. Ó ń tẹ nọ́ńbà kan náà léraléra, ẹnu rẹ̀ ń sọ "ó ti, ó ti," bí ẹni tó ń ka tẹ̀sùbáà.

Mo dìde. "Ẹ jẹ́ kí n ṣí i."

"Má fọwọ́ kàn án!" gende náà ní.

"Ibẹ̀ ni ìpè ń gbà wọlé, mà," Ìyá Àgbà ni mo ń bá sọ̀rọ̀. "Tó bá wà ní títì, ẹ ò ní í gbọ́ ọ̀rọ̀ Rìsíkátù."

Ó mọ ohun tí mò ń sọ. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé mo mọ ohun tó lè wọlé.

"Ṣí i."

Òjò gbá mi lójú. Ìkọ́ ti já, kò sí ohun tó máa há fèrèsé síbi tí a há a sí tẹ́lẹ̀, Mùtíù ò sì sí níbẹ̀ láti fi kọ̀ǹpútà tún un ṣe. Ọwọ́ mi nìkan ló kù. Mo di igi náà mú lókè àti nísàlẹ̀, mo ń yí i díẹ̀díẹ̀ bíi pé mò ń wá ojú ọ̀nà fún ọ̀bẹ dígí.

"Ẹ wo àwọn ìlà kéékèèké tó wà lókè fóònù, mà. Ẹ máa sọ fún mi tí ẹ bá rí wọn."

"Kò sí."

Mo yí i.

"Kò sí. Kò sí. Ọ̀kan... ó ti lọ."

Mo fà á padà, kò tó ìbú ẹ̀ékánná.

"Ọ̀kan. Ó dúró. Méjì."

Mo dúró bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń fa fèrèsé, èmi náà ń fà á. Mo ń gbàdúrà kí fóònù dún, mo sì ń gbàdúrà kó má dún.

Ó dún. Ìyá Àgbà ò lè tẹ̀ ẹ́, gende náà ló bá a tẹ̀ ẹ́.

"Màmá! Ṣé ẹ gbọ́ mi báyìí? Ọmọ náà ti mu ọyàn! Ibà ni, wọ́n ní ibà ló gùn ún lórí. Wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́. Ó ti lajú, ó ti mu ọyàn, ó tún ń ké fún un. Màmá? Ẹ ò gbọ́ mi ni?"

Ìyá Àgbà ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Mo gbọ́," ó ń sọ, "mo gbọ́, mo gbọ́." Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹnìkan ní kí n fi fèrèsé sílẹ̀, kí n wá jókòó. Mi ò lè fi í sílẹ̀. Ìka mi ò ṣí. Ìyá Olówùú ló wá bá mi ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Wọn ò bẹ̀ mí lọ́jọ́ yẹn. Mọ́gàjí fi àpò mi rán ẹnìkan pé kí n yẹ inú rẹ̀ wò, kò sí nǹkan tó sọnù. Lójú ọ̀nà, omi ń kán lára wa, Ìyá Olówùú ní, "Láti òní lọ, Kétu rẹ ni kí o máa sọ." Mo ní mo ti gbọ́.

Nígbà tí ọ̀gá dé, ó ní òun ò fẹ́ wàhálà, ó ní ká lọ tú dígí náà. Mùtíù ló lọ, torí pé ẹsẹ̀ mi kọ̀. Wọ́n kó iṣẹ́ náà lọ sí apá ibòmíràn, ọ̀gá ò sì ránṣẹ́ sí mi mọ́. Agbo ilé Mọ́gàjí padà sínú kòtò. Èmi gba ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ káfíńtà kan ní Ọ̀rányàn, mo ń gé dígí lásán, dígí tí kò darí nǹkan kan. Tí oníbàárà bá bi mí níbi tí mo ti wá, mo ń sọ ọ́. Àwọn kan á gbọ́, wọ́n á rántí pé àwọn gbàgbé nǹkan sílé. Àwọn kan á ní, "Lọ́nà ibo nìyẹn?" á sì di ìtàn. Fún oṣù púpọ̀, tí mo bá gbọ́ ariwo èèyàn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kódà tó bá jẹ́ ti bọ́ọ̀lù, màá wọ ẹ̀yìn pákó lọ. Mi ò lè sọ pé mo ti di ará ibẹ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé mo mọ ẹni tó lè jókòó sórí pèpéle nítorí mi, mo sì mọ ohun tí ilé tó kún fún èèyàn lè ṣe tí ẹ̀rù ọmọ bá ń bà á.

Ní ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo gbójú sókè, Ìyá Àgbà ló dúró níwájú ìsọ̀. Ó pọn Fàwásì. Ọmọ náà ti tóbi, ó ń fa gèlè ìyá bàbá rẹ̀.

"Fèrèsé iyàrá mi ti fọ́," ó ní. "Ṣé o lè wá wò ó?"

Mo fẹ́ sọ pé ọwọ́ mi dí. Mo gbé ọ̀bẹ dígí àti ìwọ̀n, mo tẹ̀ lé e. Ní ẹnu ọ̀nà Bẹyẹrúnkà, mo súnmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn èèyàn jókòó níbẹ̀. Mo kí wọn. Àwọn kan dáhùn.

Fèrèsé náà fẹ̀ ju bí mo ti rò lọ. Nígbà tí mo gé dígí rẹ̀ tán, mo rí i pé ẹnìkan ò lè dá a gbé.

"Ẹ bá mi di ẹ̀gbẹ́ kejì mú, mà."

Ó wo dígí náà, ó wo ojú rẹ̀ tó mú. Ó sọ ọmọ kalẹ̀ sórí ẹní.

"Ẹ̀rù ń bà mí o," ó ní.

"Èmi náà, mà."

Ó gbá ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ mú, mo gbá tèmi mú, a sì gbé e.